Fóònù Kò Lè Bá Ọmọ Sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tòní kan èmi gan-an, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo lọ gbé. Bí wọ́n bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ọwọ́ mi ni ọmọ wọn ọkùnrin máa ń wà. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà yẹn. Kí n má purọ́, fóònù ni mo fi ń tọ́jú ẹ̀. Màá ṣí kàtúùnù fún un, á dákẹ́ jẹ́ẹ́, èmi náà á ráyè gbọ́ tara mi.

Nígbà tó fi máa pé ọdún méjì àbọ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fo ìpolówó ọjà, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó lè sọ kò ju márùn-ún lọ. Màmá wa ní kò séwu, pé ọmọkùnrin máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ni dókítà bá béèrè pé, "Ta ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Èmi náà wolẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè. Ẹ wo ohun tí mo rí.

Lọ́dún 2003, Patricia Kuhl àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Washington, nílùú Seattle ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbọ́ nílé. Ìgbà 12 ni àwọn tó ń sọ Mandarin, èdè àwọn ará Ṣáínà, jókòó tì wọ́n, tí wọ́n kàwé fún wọn, tí wọ́n sì bá wọn ṣeré, bí ìṣẹ́jú 25 lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ yìí lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ìró Mandarin kan, ìyàtọ̀ tí kò sí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ọmọ mìíràn wo àwọn ènìyàn yẹn kan náà nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìwé kan náà, nǹkan ìṣeré kan náà, iye ìgbà kan náà. Kí ni wọ́n rí kọ́? Òfo. Wọn ò sàn ju àwọn tí kò gbọ́ Mandarin rárá.

Kí ló fà á? Tẹlifíṣọ̀n ò mọ ibi tí ọmọ ń wò. Bí ọmọ bá na ìka sí ewúrẹ́, ènìyàn á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ewúrẹ́ ni! Ó ń jẹ èèpo iṣu." Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí àkókò tí ọkàn ọmọ wà lára ewúrẹ́ gan-an. Bí ọmọ bá sì ní "bà-bà-bà", ènìyàn á dá a lóhùn, á tún dúró kóun náà fèsì. Kàtúùnù kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìdúró-fún-èsì yìí lágbára o. Lọ́dún 2018, Rachel Romeo àtàwọn onímọ̀ kan ní MIT yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ 36 wò, ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Wọ́n tún gba ohùn wọn àti tàwọn òbí wọn sílẹ̀ nílé. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bá fọ̀rọ̀ wérọ̀ jù, tí wọ́n ń sọ tí wọ́n ń fèsì, ni apá ọpọlọ tó ń rí sí èdè ṣiṣẹ́ jù lára wọn nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ìtàn. Kò sì níí ṣe pẹ̀lú bóyá òbí lówó tàbí kò lówó.

Ẹ wá rò ó wò: kí la máa ń sọ fún ọmọ nílé wa? "Jókòó! Dákẹ́! Lọ bu omi wá!" Kò sí èyí tó ń fẹ́ èsì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń pa àlọ́ àpamọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí ọmọ rò ó, kó sì dáhùn.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé fóònù nìkan ló fa ti ọmọ wa. Ṣùgbọ́n a gbé e kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Bí mo bá ń wẹ̀ fún un, màá béèrè, "Ẹsẹ̀ dà?" màá sì dúró. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n á jẹ́ kó bá wọn ṣa á, wọ́n á sì jọ máa sọ̀rọ̀. Yorùbá la ń sọ sí i. Èdè méjì kì í da ọmọ lórí rú. Bí ọmọ ọdún méjì yín ò bá tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ má dúró, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò.

Ọmọ wa ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń tẹ fóònù, ó fa aṣọ mi: "Bọ̀dá, mò ń bá yín sọ̀rọ̀." Mo gbé fóònù sílẹ̀.