Oríkèé Tó Ń Dún

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ tí ìyá yín ń bá àbúrò yín wí pé kó yéé fa ìka ọwọ́ rẹ̀ kó máa dún, kí làkúrègbé má baà bá a kalẹ́. Mi ò ní bá a jiyàn lójú yín. Àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi náà.

Irú ìkìlọ̀ yìí ni Donald Unger, dókítà kan ní California ní Amẹ́ríkà, gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àtàwọn àǹtí rẹ̀ ní kékeré. Nígbà tó gbéyàwó, ìyá ìyàwó rẹ̀ náà tún bá wọn dá sí i. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Fún ọdún 50, ó ń fa ìka ọwọ́ òsì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì fi ti ọ̀tún sílẹ̀. Ní 1998 ó kọ̀wé jáde pé làkúrègbé kò sí ní ọwọ́ kankan nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ní ìyá ìyàwó á mọ̀ pé ọkùnrin náà láyà!

Òótọ́ ni pé ọwọ́ ẹnì kan kò tó fi ṣẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ní 2011 wọ́n wo fọ́tò eegun ọwọ́ èèyàn 215, àwọn ẹni ọdún 50 sí 89, làkúrègbé kò sì pọ̀ lára àwọn tó ń fa ìka ju àwọn tí kì í fà á lọ.

Kí ló wá ń dún? Omi kan tó ń yọ̀ wà láàárín eegun méjì tó pàdé ní oríkèé, atẹ́gùn sì fara pamọ́ sínú omi náà. Tí ẹ bá fa ìka, àyè ibẹ̀ á fẹ̀ lójijì, atẹ́gùn á yọ, ihò á là nínú omi, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìgò míńírà. Ní 2015, Greg Kawchuk àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Alberta ní Kánádà fa ìka nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n sì rí i pé ìgbà tí ihò náà là ni ó dún. Àwọn kan ní rárá, ìgbà tó ń pa dé ni. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa fà á. Ó máa ń tó bí ìṣẹ́jú 20 kí atẹ́gùn tó padà wọnú omi, kí ìka kan náà tó gbà láti tún dún.

Orúnkún tèmi tó ń dún nígbàkígbà tí mo bá dìde lórí ẹní, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Nígbà míì iṣan ló ń yẹ̀ kọjá lórí eegun. Nígbà míì ohun rírọ̀ tó bo orí eegun ló ti gbó. Kò dùn mí, n kò sì dá a lóhùn.

Èyí tó bá dún tó sì dunni, tó wú, tàbí tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ká mọ́, òun ni kí ẹ gbé lọ sí ọsibítù. Tí orúnkún bá dún gbàù lórí pápá bọ́ọ̀lù, tó sì wú kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, iṣan tó so eegun mọ́ eegun lè ti já. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí fà á.

Ọrùn nìkan ni mo bẹ̀ yín sí. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọpọlọ gba àárín eegun ọrùn kọjá. Tí wọ́n bá yí ọrùn lójijì, ara òpó náà lè ya, kó sì di àrùn rọpárọsẹ̀. Tí ẹni tó ń gẹ irun yín bá ní òun fẹ́ bá yín yí ọrùn kó dún, ẹ sanwó irun, kí ẹ dìde níbẹ̀.