Àsíá Yẹ́lò Nínú FPL: Kí Ni 75% Ń Sọ Fún Wa?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní ọ́fíìsì wa ní Ìkẹjà GRA nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, agbábọ́ọ̀lù mi fara pa, 75% ni wọ́n kọ sí i. Ṣé kí n fi sílẹ̀ nínú tíìmù mi?"

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. 75% túmọ̀ sí pé nínú ìgbà 4, ó máa gbá ìgbà 3. Ká ní ẹgbẹ́ tó fẹ́ kojú ò lágbára lẹ́yìn, tẹ́ ẹ wá ń retí póìntì 6: 6 × 0.75 jẹ́ 4.5. Tí kò bá gbá rárá, ẹni orí bẹ́ǹṣì yín máa rọ́pò ẹ̀. Ká ní póìntì 2 nìyẹn máa ń mú wá: 2 × 0.25 jẹ́ 0.5. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 5. Tí ẹlòmíì tára ẹ̀ le ò bá lè mú ju 5 lọ wá, ẹ fi í sílẹ̀.

Àmọ́ wàhálà wà níbì kan. Tó bá wọlé fún ìṣẹ́jú 10 péré, póìntì 1 lẹ máa rí, ẹni orí bẹ́ǹṣì ò sì ní wọlé mọ́. Iṣan ẹ̀yìn itan tó ti ya rí máa ń tètè tún ya, ìdí nìyẹn tí kóòṣì fi máa ń rọra lo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná.

Ẹ rántí pé èèyàn ni wọ́n o. Lọ́jọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, Taiwo Awoniyi ti Nottingham Forest fara gbá òpó gòólù nígbà tí wọ́n ń kojú Leicester, ikùn ẹ̀ ló sì ṣèṣe. Ó dìde, ó gbá bọ́ọ̀lù náà parí. Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì ni wọ́n ṣe fún un. Kò sí àsíá tó lè rí inú ikùn.