Ẹ̀kọ́ Kẹfà: Ẹ Má Fi Iṣẹ́ Syncthing Lé Baálé Lọ́wọ́

Syncthing ni ètò kan tó máa ń jẹ́ kí fáìlì inú kọ̀ǹpútà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bára mu. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà síbi iṣẹ́, ẹ ó bá a nílé. Bí ẹ bá pa á rẹ́ níhìn-ín, ó máa pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Ọ̀fẹ́ ni. Ọdún 2013 ni Jakob Borg kọ́kọ́ gbé e jáde.

Lórí Linux, oníkálùkù ló ní orúkọ tó fi ń wọlé àti nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà root ni 0. Root yìí ni baálé: kò sí yàrá tí kò lè ṣí, kò sí ògiri tí kò lè wó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi root ṣe gbogbo iṣẹ́, torí pé kì í bi wọ́n ní ìbéèrè. Èmi náà ṣe é rí: root ni mo fi ṣí Syncthing. Fáìlì dé láti kọ̀ǹpútà kejì, gbogbo rẹ̀ pé. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ tún ọ̀kan ṣe, “Permission denied” ni mo rí: wọn ò gbà mí láyè. Mo tẹ `ls -l`. Ibi tó yẹ kí orúkọ mi wà, root ló wà níbẹ̀. Ẹni tó gba ẹrù ni kọ̀ǹpútà kọ ẹrù mọ́ lórúkọ, root ni mo sì rán lọ gbà á.

Èyí kéré. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tọ̀sán-tòru ni ètò yìí ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Bí olè bá rí àléébù kan lára rẹ̀ tó gba ibẹ̀ wọlé, agbára ẹni tí ètò náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni olè máa ní. Bó bá jẹ́ root, gbogbo ilé ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ orúkọ yín, ibi tí ọwọ́ yín mọ ni tirẹ̀ náà mọ.

Syncthing kò sì nílò root rárá. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní port, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 1024, ni Linux máa ń fi pamọ́ fún root. 22000 ni Syncthing fi ń gba fáìlì, 8384 sì ni ojú ewé tí ẹ ti ń ṣètò rẹ̀.

Ká ní ade ni orúkọ yín. Níbi tí systemd, ètò tó ń jí àwọn ètò mìíràn, bá wà, ẹ tẹ:

`sudo systemctl enable --now syncthing@ade.service`

Sudo ń tọrọ àṣẹ baálé lẹ́ẹ̀kan péré, kí ètò náà lè máa jí nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn. Orúkọ tó tẹ̀lé @ ló máa fi ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá ti fi root ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dá ti root dúró, kí ẹ wá gba ẹrù yín padà:

`sudo chown -R ade:ade /home/ade/Sync`

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àdírẹ́sì yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter. R yẹn kì í dá nǹkan kan sí nínú fódà tí ẹ bá kọ síbẹ̀.

Ní ìparí, ẹ tẹ `ps -o user= -C syncthing`. Orúkọ náà lè jáde lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ ade, ó ti dára. Bó bá jẹ́ root, ẹ dá a dúró lónìí.