Ó Ṣojú Rẹ̀ Ni, Àbí Wọ́n Sọ Fún Un?

Ìbéèrè: Mò ń kọ àròkọ lórí bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe ṣẹ́gun Ọ̀tà ní ọdún 1842. Mo fẹ́ fi hàn pé ìlú náà kò pa run. Mo fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú ìròyìn míṣọ́nárì James White, ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ àti oríkì tí ìyá àgbà mi ń kì. Olùkọ́ mi ní ẹ̀rí mi pọ̀, ṣùgbọ́n kò gbe àròkọ mi lẹ́sẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Sáńgò-Ọ̀tà

Ìdáhùn: O kú akitiyan, ọmọ mi. Inú mi dùn pé ìtàn Ọ̀tà jẹ ọ́ lógún. Kí ẹ̀rí rẹ lè gbe àròkọ náà lẹ́sẹ̀, bi ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan pé: kí ló ṣojú rẹ gan-an?

Ọdún 1854 ni ẹgbẹ́ míṣọ́nárì CMS rán White wá sí Ọ̀tà, ọdún méjìlá lẹ́yìn ogun. Ohun tó bá sọ nípa ogun náà, àgbọ́sọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ nípa àwọn olóyè àti àwọn olórìṣà tó bá nílùú, ó ṣojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára rẹ wà. Rántí pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń kọ ìròyìn rẹ̀ sí. Bó bá bu ẹnu àtẹ́ lu olórìṣà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́wọ́ pé olórìṣà ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, èyí ni kí o gbà gbọ́ jù, nítorí kì í ṣe ohun tó wù ú láti sọ.

Ọdún 1846 ni wọ́n bí Johnson, ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ogun náà kò ṣojú òun náà, nítorí náà fi ìwé rẹ̀ ṣe ẹ̀rí irú ojú tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yorùbá ìgbà náà fi wo ogun yìí. Oríkì kò lọ́jọ́ lórí, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun tí ìdílé kọ̀ láti gbàgbé.

Má sì fi ẹ̀rí tó ta ko ọ́ pamọ́. Ọ̀nà etí òkun ni àwọn Ẹ̀gbá ń wá, Ọ̀tà sì bọ́ sábẹ́ àṣẹ wọn. Nítorí náà, kọ ọ́ pé ìlú náà kò pa run, àmọ́ kò dá dúró mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára ju èrò rẹ àkọ́kọ́ lọ. Ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, sọ èrò tìrẹ, fa ọ̀rọ̀ díẹ̀ yọ, kí o ṣàlàyé ohun tó fi hàn àti ibi tó mọ.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìròyìn White wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Birmingham, kò ní sá lọ. Ìyá àgbà ni kí o kọ́kọ́ tọ̀ lọ, kí o béèrè ẹni tó kọ́ wọn ní oríkì náà, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kì í gẹ́lẹ́.