Bí Iná Bátìrì Bá Tàn Lójú Dáṣíbọ́ọ̀dù, Ẹ Má Tíì Ra Alternator

Ní ojú ewé okòwò wa lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ọkọ̀ ni oko wa, ọkọ̀ náà ni ọjà wa. Àwọn kan ń gbé èrò lọ sí O'Hare àti Midway, àwọn kan ń wa Uber àti Lyft, àwọn nọ́ọ̀sì wa sì ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ òru. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa ló mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí. Iná pupa tó ní àwòrán bátìrì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Wọ́n ní alternator rẹ̀ ti kú, ó ra òmíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, iná náà tún tàn. Wọ́n ní èyí tó rà kò dára, wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀, ó sì san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Síbẹ̀ ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní òru lójú ọ̀nà Dan Ryan. Nígbà tí rẹwáyà kan tó jẹ́ ọmọ ilé wá yẹ̀ ẹ́ wò, wáyà tín-ín-rín kan ṣoṣo ló ti dógùn-ún tó sì ti já lẹ́yìn alternator. Alternator mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti wọ inú ọkọ̀ náà, kò sí èyí tó ní àrùn. Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

TA LÓ Ń PÀṢẸ FÚN ALTERNATOR?

Bátìrì ló ń jí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, bẹ́líìtì yóò máa yí alternator, òun ni yóò sì máa pèsè iná fún gbogbo ọkọ̀, tí yóò tún máa dá èyí tí bátìrì ti ná padà fún un. Ṣùgbọ́n alternator kì í dédé pèsè iná. Irin kan ń yí nínú rẹ̀ tí a wé wáyà mọ́. Iná díẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú wáyà yìí kí irin náà tó di òòfà. Bí iná tó wọlé bá pọ̀, èyí tó ń jáde yóò pọ̀. Bí ó bá kéré, èyí tó ń jáde yóò kéré.

Regulator ni ó ń wọn iná yìí. Regulator náà sì ní ọ̀gá tirẹ̀. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, iná tó ń ti ibi kọ́kọ́rọ́ wá ló ń jí i. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ló ń sọ iye tí yóò pèsè fún un. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ni alternator. Bí òṣìṣẹ́ bá jókòó tí kò ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ àìsàn ló ń ṣe é, ó sì lè jẹ́ pé àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń WÁDÌÍ RẸ̀

Mítà tó ń ka volt ni ẹ nílò, ẹ lè rí i rà ní nǹkan bí ogún dọ́là. Ẹ má ṣe sítáàtì ọkọ̀ nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, torí èéfín ẹ́ńjìnnì ń pani. Ẹ jẹ́ kí apá aṣọ àti irun yín jìnnà sí bẹ́líìtì.

1. Bátìrì. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi fún wákàtí mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ 12.6 volt, ó kún. 12.4 jẹ́ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.2 jẹ́ bí ìdajì. Bí kò bá tó 12, ó ti gbẹ. Ẹ nu orí bátìrì mọ́, kí ẹ sì ṣáàjì rẹ̀ kí ẹ tó lọ síwájú, torí bátìrì tó ti gbẹ lè ṣi yín lọ́nà.

2. Bẹ́líìtì. Ṣé kò dẹ̀? Ṣé kò ti ya? Bí ó bá ń han gooro láàárọ̀ òtútù, ó ṣeé ṣe kó máa yọ̀, kó má sì yí alternator dáadáa.

3. Ẹ sítáàtì ọkọ̀, kí ẹ tún wọn bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, mítà yóò wà láàárín 13.8 sí 14.7. Ẹ tan iná iwájú àti fáànù híítà. Bí ó bá ṣì ju 13 lọ dáadáa, alternator ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá kọjá 15, iná ti pọ̀ jù, ó sì lè ba bátìrì jẹ́. Bí ó bá dúró sí 12 tó sì ń lọ sílẹ̀, kò sí ṣáàjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń wa Honda, ẹ fetí sílẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ Honda, kọ̀ǹpútà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín iná kù sí nǹkan bíi 12.5 nígbà tí ohun tó ń lo iná kò pọ̀. Ẹ tan iná iwájú, ẹ ó rí i pé yóò gòkè kọjá 14. Ìyẹn kì í ṣe àrùn.

4. Wáyà ńlá. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wọn ibi tí wáyà ńlá ti dé ẹ̀yìn alternator. Iye tó wà lórí bátìrì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan, fíúsì ńlá tó wà láàárín ti jó tàbí wáyà ti já. Lẹ́yìn náà, ẹ sítáàtì ọkọ̀, ẹ tan iná iwájú. Ẹ fi ẹnu mítà kan síbi wáyà ńlá yìí, kí ẹ fi ìkejì sórí bátìrì tó ní àmì ròpọ̀. Kò yẹ kó ju 0.3 volt lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti ara alternator fúnra rẹ̀ dé orí bátìrì tó ní àmì àyọkúrò. Kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú wáyà ti dógùn-ún. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì Chicago nítorí yìnyín ló sábà máa ń fà á.

5. Wáyà kéékèèké. Ibí ni àṣẹ ń gbà. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, wáyà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: IG, S àti L. IG ló ń jí regulator, nítorí náà iná bátìrì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ tí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́. S ló ń sọ ipò bátìrì fún un, iná sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ wo fíúsì tí wọ́n kọ ALT-S sí lára. L ló ń tan iná pupa ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sítáàtì, iná náà gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, ẹ wá ìdí rẹ̀.

Lẹ́tà kan náà lè ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú ọkọ̀ mìíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ General Motors, kọ̀ǹpútà ló ń fi nǹkan bíi 5 volt pàṣẹ lórí L. Nítorí náà, ẹ wo ìwé àtúnṣe ọkọ̀ tiyín.

6. Kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ibi tí a ti lè ka àmì àrùn. P0620, P0621 àti P0622 ń tọ́ka sí ọ̀nà tí àṣẹ alternator ń gbà. P0562 ń sọ pé iná ọkọ̀ kéré jù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kí ẹ ra alternator. Ibi tí ẹ ó ti wádìí ni wọ́n ń fi hàn yín. AutoZone máa ń yẹ bátìrì àti alternator wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí gbogbo èyí bá pé, tí àṣẹ ń dé, tí ṣáàjì kò sì sí, ìgbà náà ni a lè dá alternator lẹ́bi.

Ẹ MÁ ṢE ÈYÍ O

Nílé, àwọn mẹkáníìkì máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti mọ̀ bóyá alternator dára. Lórí Peugeot 504, ó ṣeé gbà mọ́ra. Lórí ọkọ̀ òde òní, iná lè ṣàdédé ga sókè kó sì jó kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

KÍ Ẹ TÓ YỌ OWÓ

Ẹ má sọ fún mẹkáníìkì pé, "Bá mi pààrọ̀ alternator." Ẹ ní kó fi iye tí mítà kà hàn yín: ti bátìrì, ti wáyà ńlá, ti wáyà kéékèèké. Ẹni tó bá wádìí yóò rí i kọ sílẹ̀. Ẹ tún fi nọ́ńbà VIN ọkọ̀ yín, tó ní lẹ́tà àti òǹkà mẹ́tàdínlógún, wò ó lọ́dọ̀ NHTSA bóyá wọ́n ti pè é padà fún àtúnṣe ọ̀fẹ́. Ní 2014, Chrysler pe àwọn kan lára Dodge Charger àti Chrysler 300 ti 2011 sí 2014 padà nítorí alternator.

Ẹ rántí ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, tí òtútù O'Hare lọ sílẹ̀ dé -23 Fahrenheit. Bátìrì tí kò rí ṣáàjì gbà dáadáa kò lè la irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ já. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹ yẹ ọkọ̀ yín wò ní oṣù Kẹwàá, kí yìnyín tó dé.

Ọkọ̀ wa kò ní dá wa dúró sójú ọ̀nà o. Àṣẹ.