Gbígbá Kan Kò Jọ Èkejì: Ọ̀rọ̀ Lórí Àkọ́gbá nínú Eré Pádẹ̀lì

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló sì rí nínú eré tí wọ́n ń pè ní pádẹ̀lì, èyí tí Enrique Corcuera dá sílẹ̀ ní ìlú Acapulco ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ní ọdún 1969, tí Alfonso de Hohenlohe sì gbé sọdá òkun lọ sí Marbella ní ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 1974, tí ó fi wá di eré tí tọmọdé tàgbà ń ṣe káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù lónìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire fi ṣe ibùgbé, àjọ LTA tí ń bójú tó tẹ́níìsì náà ni ó ń bójú tó o. Bí òbí bá wá fẹ́ fi èdè abínibí bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa eré yìí, ọ̀rọ̀ wo ni yóò lò? Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni n ó mẹ́nu bà, èyí tí a fi ń ṣí eré, nítorí mo gbà gbọ́ pé bí ẹnu bá ti pe iṣẹ́ ni ọwọ́ ṣe ń ṣe é.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pè é ní "sísìn". Ọlọ́run là ń sìn, ọba là ń sìn, ìwọ̀fà a sì máa sin olówó rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń sin bọ́ọ̀lù. Àkọ́gbá ni mo dábàá pé kí a máa pè é, bí a ti ń pe ọmọ tó ṣíwájú nínú ọmọ ìyá ní àkọ́bí, tí a sì ń pe èso tí igi kọ́kọ́ so ní àkọ́so.

Ṣùgbọ́n "gbá" tí ó wà nínú orúkọ náà gba àròjinlẹ̀. À ń gbá ènìyàn létí, a sì ń gbá ilẹ̀. Ẹni tí ń gbá ni létí a gbé ọwọ́ sókè kọjá èjìká, a sì fi ìbínú sọ ọ́ kalẹ̀; ẹni tí ń gbálẹ̀ a bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í ga kọjá ìbàdí, a sì máa fà á lọ gbọọrọ láìkánjú. Gbígbá ti àkọ́kọ́ ni tẹ́níìsì fẹ́. Ti èkejì ni pádẹ̀lì fẹ́, òfin rẹ̀ kò sì fi ibì kan pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà: kí ẹni tí ń gbá àkọ́gbá dúró sẹ́yìn ìlà tí ó jìnnà sí àwọ̀n ní mítà 6.95, kí ó sọ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kí ó ta, kí ó sì gbá a nígbà tí kò tíì ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó kéré tán, wà nílẹ̀, kí bọ́ọ̀lù náà má sì lọ sí ọ̀kánkán, bí kò ṣe sí ìhà òdìkejì. Ẹ kíyè sí i pé mo ní kí bọ́ọ̀lù ta, n kò ní kí ó fò. Ẹyẹ ní í fò. Ohun tí ó balẹ̀ tí ó sì tún dìde, ó ta ni.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti tẹ́níìsì wá sídìí eré yìí ni ó rò pé agbára ni yóò gba àwọn là, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ògiri gíláàsì ni ó wà lẹ́yìn pápá tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà 20 lọ, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 10. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù tí a bá fi gbogbo ara gbá yóò ta, yóò lu gíláàsì, yóò sì padà wá bá ẹni tí ń retí rẹ̀ ní ibi tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù lọ láti dá a padà. Èyí tí a rọra gé lábẹ́ kì í ta ga. Bí ó bá sì ti ta tán tí ó wá fara kan gíláàsì ẹ̀gbẹ́, ńṣe ni yóò rọ̀ wálẹ̀, tí onítọ̀hún yóò máa wá a nílẹ̀.

Gígé yìí kò ṣe é ṣe bí ìdìmú kò bá tọ́. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Idà àti ọ̀bẹ ni ó ní èèkù. Ọkọ́ àti àáké, ẹ̀rú ni tiwọn, ẹni tí ó bá sì pe ẹ̀rú ọkọ́ ní èèkù ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Èèkù ni mo fún ràkẹ́ẹ̀tì pádẹ̀lì, nítorí bí a ti í di idà mú, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, ni ó yẹ kí a di òun náà mú, kí etí rẹ̀ máa wo ilẹ̀. Ẹni tí ó bá dì í mú báyìí, tí ó sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ta sí ẹ̀gbẹ́ òun díẹ̀ síwájú, tí kò sọ ọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, yóò rí i pé apá òun ní àyè láti nà.

Ibi kan ṣoṣo wà tí "sìn" ti wúlò, èyíinì ni bí a ti ń sin àlejò sọ́nà. Ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ dúró máa wò ó. Kí ó tẹ̀ lé e lọ sí ìdí àwọ̀n, níbi tí ẹnìkejì rẹ̀ ti ń dúró dè é, nítorí ẹni méjì méjì ní í gbá a, àwọn tí ó bá sì gba ìdí àwọ̀n ni apá wọn ń ká eré. Bọ́ọ̀lù tí kò yára ni ó ń fún ẹsẹ̀ láàyè láti débẹ̀.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà: ẹ gbá a sí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ lónìí, sí ìlà àárín lọ́la, nígbà mìíràn sí ara ẹni tí ń retí rẹ̀ gan-an, kí ó má baà mọ ibi tí yóò yà sí.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó kù. Bọ́ọ̀lù tí kò balẹ̀ síbi tí ó yẹ, tàbí tí ó ta tán tí ó lọ kan wáyà tí ó yí pápá ká, àṣìgbá ni, bí a ti ń sọ àṣìsọ àti àṣìrò; àṣìgbá méjì tẹ̀ léra ni ẹni náà fi ń pàdánù àmì kan. Èyí tí ó fara kan àwọ̀n àárín kí ó tó balẹ̀ síbi tí ó tọ́, tí kò sì kan wáyà lẹ́yìn náà, kì í ṣe àṣìgbá rárá. Àtúngbá ni, kí ẹni tí ń ka àmì sì pè é bẹ́ẹ̀ ketekete, kí tọ̀tún tòsì gbọ́.