Ọjọ́ Òmìnira Àwọn Ẹrú: Kí Ni Ó Kàn Wá Níbẹ̀?

  

Ẹ̀yin ọmọ kéú wa, ọ̀kan nínú yín bi wá léèrè pé: "Áfáà, wọ́n ní àwọn èèyàn dúdú òkè òkun máa ń ṣọdún ọjọ́ tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú. Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí dá sí i?"

Ọdún tí ẹ̀sìn fún wa kò ju méjì lọ, Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá. Ọjọ́ ìrántí tí ìjọba yà sọ́tọ̀ kò sí lára wọn, gẹ́gẹ́ bí 1 October wa kò ti jẹ́ ọdún ẹ̀sìn. Èyí kò gba àríyànjiyàn. Ohun tí wọ́n ń rántí ni ó yẹ kí a mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Trinidad, erékùṣù tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, tí ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ọkọ̀ kó débẹ̀. 1 August 1834 ni òfin tí ó fòpin sí ẹrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún àwọn olówó ẹrú. Ẹrú fúnra rẹ̀ kò rí kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà nìkan ni ó bọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ṣì ní láti máa sin olówó wọn láìgba owó, wọ́n ní iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́. Ẹni tí ó ti gé ìrèké fún ogún ọdún, kí ni ó tún fẹ́ kọ́? Ìwọ̀fà tí àwọn baba wa mọ̀ sàn ju èyí lọ, ìwọ̀fà ṣáà jẹ gbèsè. 1 August 1838 ni wọ́n tó bọ́ pátápátá. Ní 1985 ni Trinidad àti Tobago sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìsinmi.

Èyí tí ó wọ̀ wá lára jù ni ti àwọn Mùsùlùmí Màńdíńgò ní Port of Spain, tí Jonas Mohammed Bath jẹ́ olórí wọn. Kí òfin tó dé ni wọ́n ti ń dá owó jọ, tí wọ́n fi ń ra ara wọn àti àwọn ọmọ ìyá wọn nínú ẹ̀sìn padà. Ẹni tí ó bá ti ka Súrátùl-Balad mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ṣebí dídá ẹrú sílẹ̀ wà lára ìtánràn ẹni tí ó ṣèèṣì pa èèyàn, ó sì ní ìpín nínú sàká. Wọ́n kọ̀wé sí ọba Gẹ̀ẹ́sì kí ó dá wọn padà sílé. Wọn kò gbà fún wọn.

Àwa ńkọ́? Láti 1839 ni àwọn Sàró, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun, ti ń padà sí Abẹ́òkúta láti Freetown. Kí a má purọ́, ará ilé ni ó tà wọ́n, Mùsùlùmí sì wà nínú àwọn tí ó tà àti àwọn tí ó rà. Ní Ọbáfẹ́mi-Owódé wa níhìn-ín, a ṣì ń gbọ́ kí wọ́n fi "ìran ẹrú" bú ara wọn, kí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ àna.

Nítorí náà, ìwọ tí o béèrè, bí o bá fẹ́ dá sí i, ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà nílé yín tí ó ń pọnmi nígbà tí ẹ̀yin ń ka wàláà. Mú un wá ní 1 August. A ó gbà á láìgba owó.